Àkànní, ọ̀rọ̀ ìdánrawò tí wọ́n ti nà yín

Àkànní ọmọ mi,

Mo ka mẹ́sẹ́jì ẹ lálẹ́ àná. O ní wọ́n fọ́ ikọ̀ ẹ yángá níbi ìdánrawò ogun yẹn, ojú ń tì ẹ́ débi pé o ò lè wojú àwọn ọmọ tí ò ń darí mọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, èmi náà wọ yúnífọ́ọ̀mù yẹn rí. Jẹ́ kí n sọ ti Kasserine fún ẹ, ọ̀nà àárín òkè tí wọ́n ti na àwọn sójà Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Fẹ́búárì 1943 ni, ní Túnísíà, àwọn sójà Amẹ́ríkà ò tíì lo oṣù mẹ́rin nílẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Jẹ́nẹ́rà Fredendall lọ̀gá wọn níbẹ̀, ó wá lọ fìdí kalẹ̀ sínú àfonífojì kan lẹ́bàá Tébessa, ìlú kan ní Àlùjíríà, ibi tó fi jìnnà sójú ogun ju 100 kìlómítà lọ, ó tún ní káwọn ẹnjiníà máa gbẹ́ inú àpáta fóun kí bọ́ǹbù má bàa ba òun. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń fìka tọ́ka lórí máàpù, ikọ̀ báyìí kó lọ sórí òkè báyìí. Òkè Lessouda àti Ksaira tó pín wọn sí, lórí máàpù wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ọ̀kan ò lè ran ẹni tó wà lórí èkejì lọ́wọ́ rárá. Ká ní ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ débẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tó fi máa rí i. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù.

14 Fẹ́búárì, táńkì Jámánì ya dé Sidi Bou Zid, ìlú tó wà nítòsí àwọn òkè yẹn, wọ́n yí òkè méjèèjì po. Táńkì táwọn Amẹ́ríkà rán lọ gba àwọn tó há sókè lọ́jọ́ kejì, díẹ̀ báyìí ló padà. Nígbà tó fi máa di 20, Rommel, ọ̀gá ogun Jámánì, ti já ọ̀nà Kasserine gbà. Ìbọn àgbá 48 táwọn Amẹ́ríkà wa ọjọ́ mẹ́rin gbáko láti Àlùjíríà, ó ju 1,100 kìlómítà lọ, àwọn ló dé ìlú Thala tí wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dì í mú, kí Rommel tó yí padà.

Àmọ́ gbọ́ ohun táwọn Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Eisenhower, ọ̀gá àgbà wọn, ò bò ó mọ́lẹ̀, ó rán jẹ́nẹ́rà méjì, Harmon àti Bradley, lọ wò ó, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ojú ogun, àwọn yẹn náà sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò fọkàn tán Fredendall mọ́. 6 Máàṣì, Jẹ́nẹ́rà Patton ti gba ipò ẹ̀. Wọ́n ṣíwọ́ gígé ìpín ọmọ ogun sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó agbára ìbọn àgbá jọ sójú kan. Nígbà tó di 23 Máàṣì, 10th Panzer, ìpín táńkì Jámánì, àwọn kan náà tó nà wọ́n ní Sidi Bou Zid, tún wá bá wọn ní El Guettar, bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ àti ìbọn àgbá ló pàdé wọn, nǹkan bí 30 táńkì ló ṣòfò kí wọ́n tó padà sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka mẹ́sẹ́jì ẹ kí n tó rí i pé inú àgọ́ lo wà tó o fi pín àwọn ọmọ yẹn sọ́nà mẹ́ta. Àkànní, lọ fẹsẹ̀ rin pápá yẹn lọ́la. Mú kọ́pùrà ẹ dání, kó fi ibi tó ti kọ́kọ́ rí àwọn tó nà yín hàn ẹ́, má sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀ títí á fi sọ tán. Tó o bá dé, pè mí, mi ò ní tíì sùn.

Bàbá ẹ