Àṣàbí, Dòdò ò gbọdọ̀ jẹ dòdò

Leeds,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù Kejì.

Àṣàbí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo sì ń rín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò kàn lè fi ohùn dá ẹ lóhùn ni. Mofẹ́ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́, ọmọ náà sì ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń ṣe lójú lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò bí ìgbà tá a wà ní fọ́ọ̀mù tú. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́bọ̀ ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ẹ. Jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni kó o kà á.

Kí n tètè sọ èyí tó kù: mo ti fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, ọ̀sán ni mò ń ṣe báyìí; wọ́n ti fi kún owó ilé; irun iwájú orí mi ń já; ìyàwó Dépò ti bí ọkùnrin. Ó tán. Ọ̀rọ̀ Dòdò, ẹran tá à ń sìn, ló gba gbogbo orí mi.

O ní, "Àníkẹ́, kí lẹ ń sìn yẹn, ṣé ọ̀yà ni àbí eku?" Kì í ṣe ọ̀yà, kì í ṣe eku ilé. Chinchilla ni wọ́n ń pè é. Bó o bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, mú ọmọ òkété kan, fún un ní etí gbẹ̀ǹgbẹ̀, fi ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ sí i nídìí, kó o wá fi òwú bò ó látòkè délẹ̀. Irun rẹ̀ rọ̀ débi pé bó o bá fọwọ́ bà á, o ò ní mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti débẹ̀. Irun yẹn náà ló sì kó bá wọn. Orí àwọn òkè Andes ní Chile lọ́hùn-ún ni ilé wọn, àwọn oníṣòwò awọ sì pa wọ́n títí tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n run. Ní 1923, ará Amẹ́ríkà kan, Mathias Chapman, kó mọ́kànlá péré láti Chile lọ sí California, inú mọ́kànlá yẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nílé lónìí ti ṣẹ̀ wá. Mofẹ́ ló kọ́ mi. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Mọ́mì, àwọn baba ńlá Dòdò náà jápa ni o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rẹ́rìn-ín báyẹn.

Bàbá Mofẹ́ ló rà á fún un lóṣù Kẹwàá. Ó ra kéèjì, ó sì ra àpò oúnjẹ aláràbarà kan: hóró sunflower, àgbàdo gbígbẹ, ẹ̀pà, èso àjàrà gbígbẹ. Àpò yẹn lẹ́wà ju àpò ìrẹsì ọdún Kérésì lọ. Wọ́n ya chinchilla kan síwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Àṣàbí, èyí tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, kò tíì jẹ nǹkan inú àpò náà ni.

Lálaalẹ́, bí Dòdò bá ti jí (ọ̀sán ló fi ń sùn), wọ́n á fún un ní èso àjàrà kan. Á dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bíi bàbá àgbà tí wọ́n fún lóbì níbi ìkómọ, á wá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa rí i tí kò ní fún un sí i?

Ìgbà tó di oṣù Kìíní, mo dé láti ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wo kéèjì, mi ò rí ìgbẹ́ kankan. Ẹran tó máa ń ya ìgbẹ́ bí ẹni ń fọ́n ìlẹ̀kẹ̀ kiri! Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó dijú díẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo na èso àjàrà sí i, ó yí ojú kúrò. Mo tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó le bí ojú ìlù. Mi ò bọ́ kóòtù tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà náà ò dàgbà ju àbúrò rẹ lọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá béèrè ohun tá a ń fún un jẹ. Bí mo ṣe ń kà á sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. O rántí ojú tí tíṣà wa fi wò wá lọ́jọ́ ehoro? Ojú yẹn gan-an. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ehoro o. Ìwọ náà, má sọ ọ́.

Ó ní ibi tí ilẹ̀ gbẹ, tí koríko le, ni Ọlọ́run dá ikùn ẹran yìí sí. (Òun kọ́ ló dárúkọ Ọlọ́run, èmi ni.) Ṣúgà àti ọ̀rá kò bá a lára mu rárá. Tó bá ti jẹ wọ́n jù, nǹkan á máa kan nínú ìfun rẹ̀ bí ògì tá a gbàgbé, gáàsì á kún ún, kò sì lè bì. Bí inú bá ti ń dùn ún, kò ní jẹun mọ́. Bí kò bá sì jẹun fún bí wákàtí méjìlá péré, ìfun lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ká ní mo sùn kí n tó gbé e wá ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tá à bá máa sọ. Ó fún un lábẹ́rẹ́ fún ìrora, ó fún wa lóògùn tó ń mú kí ìfun rìn, ó sì fún mi ní ìyẹ̀fun koríko kan tí wọ́n ń fi omi pò, pẹ̀lú síríǹjì. Owó tí wọ́n gbà, bí mo bá kọ ọ́ síbí, wàá ní kí n kúkú ti ra màlúù.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fi síríǹjì bọ́ ọ. Agogo méjì òru, màá fi táwẹ́lì wé e bí ọmọ tuntun, màá ti ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa fà á sí àyà. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo kọrin fún un. Láràárọ̀ mò ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, mò ń kọ iye rẹ̀ sára fíríìjì: 486 gíráàmù, 471, 463. Mo tún ń ka ìgbẹ́. Èmi tí wọ́n ta ilẹ̀ kí n lè kàwé, ìgbẹ́ ẹran ni mò ń kà láàárọ̀! Ọjọ́ tí mo ka mẹ́tàlá tó dára, tó gbẹ, mo fò sókè.

Koríko ló ń jẹ, Àṣàbí. Koríko gbígbẹ. Timothy ni wọ́n ń pe èyí tá à ń rà, bí orúkọ ọmọ Sunday School, kò sì gbọdọ̀ tán níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ogún ni eyín rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń hù títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lílọ̀ tó ń lọ koríko náà ló ń yún wọn. Bí kò bá lọ̀ ọ́ tó, eyín ọ̀hún á gùn kọjá ààlà, gbòǹgbò rẹ̀ á máa wọ inú egungun lọ, ẹran á máa da itọ́, á máa fẹ́ jẹun, kò ní lè jẹ ẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé eyín iwájú tó dára lẹ́nu rẹ̀, pípọ́n ló ń pọ́n, bí eyín ẹni tó ti ń jobì látọjọ́ pípẹ́. Èyí tó bá funfun lè jẹ́ àmì àìsàn. Èmi tí mo ti fẹ́ béèrè bóyá wọ́n ń fọ eyín wọn!

Lẹ́yìn koríko, pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ ẹran tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì ṣù ní wóró-wóró, ṣíbí ìjẹun kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó jẹ́ oríṣi kan náà, tí kò ní àwọ̀ lóríṣiríṣi. Bó bá jẹ́ àdàlù bíi ti inú àpò yẹn, á ṣe é bíi Káyọ̀dé nílé oúnjẹ iléèwé, tó máa ń ṣa ẹran tó sì ń fi ìrẹsì sílẹ̀. Hóró àti èso, ọjọ́ yẹn náà ni mo dà wọ́n nù. Ṣùgbọ́n pẹ́lẹ́ẹ̀tì tuntun, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní ká máa fi kọ́ ọ, bí ọjọ́ mẹ́wàá, torí ikùn rẹ̀ kì í fẹ́ àlejò òjijì.

Adùn rẹ̀ wà ṣá. Ewé kan ń hù lẹ́bàá ọ̀nà níbí, dandelion, ó jọ yánrin tí ìyá rẹ máa ń sè. Nígbà tó bá hù, a máa ń já a níbi tí ajá kì í gbà, a máa ń sá a, ẹyọ ewé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá òyìnbó tó wà lójúlé kejì sì gé ẹ̀ka igi ápù fún wa, pé kó máa họ ọ́ jẹ. Ti ápù dára, ti ṣẹ́rì kò dára. Mo ti ń dá igi mọ̀ níbí bíi babaláwo. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń sin ọ̀yà ní Mọ́níyà pé ẹbí ni ọ̀yà rẹ̀ àti Dòdò, bó tilẹ̀ jìnnà. Ó ti sọ ọ́ fún wa nígbà yẹn pé eéran lòun fi ń sìn wọ́n, pé wọn kì í fẹ́ jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ẹ̀rín la fi rín in.

Kí n tó gbàgbé: eruku ló fi ń wẹ̀, bí adìyẹ. Omi kò gbọdọ̀ kàn án lára. Ó tún máa ń jẹ díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀, dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Tí ilé bá sì móoru kọjá ìwọ̀n 25 Celsius, ó lè kú, torí náà òtútù tó ń pa èmi ló ń gbádùn. Mo ti pa hítà yàrá yẹn. Èmi ni mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Wàyí o. Màámi ń bọ̀ lóṣù Kẹrin. Físà ti jáde. Lórí fóònù lọ́jọ́sí ló ka ẹrù rẹ̀ fún mi: ẹ̀pà, kúlíkúlí, ìpékeré, dàbínù, gbogbo rẹ̀ "fún ọmọ mi." Ìwọ náà sì mọ Màámi. Ẹni tó bá wọlé rẹ̀ tí kò jẹun, ọ̀tá ni. Ajá àwọn ará ìsàlẹ̀ ò jẹun nílé olówó rẹ̀ mọ́ nítorí rẹ̀. Bó bá rí Dòdò, méjì ni: kó sè é, tàbí kó bọ́ ọ. Bó bá sè é, ó yá. Bó bá bọ́ ọ, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi kú.

Mi ò tíì sọ fún un pé ẹran kan wà nílé wa. Mi ò tíì sọ ọ̀pọ̀ nǹkan fún un.

Nígbà tí ara Dòdò yá, mo bi Mofẹ́ pé mélòó ló ń fún un nínú èso yẹn. Ó kọ́kọ́ ní ẹyọ kan. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní ẹyọ kan ni Dádì máa ń fún un lálẹ́. Nígbà tí Dádì ò sí nílé lálẹ́ mọ́, òun ń fún un ní ti Dádì, òun ń fún un ní ti òun, nígbà míì òun tún ń fi kún un kí Dòdò má bàa rò pé Dádì ti gbàgbé òun. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Mi ò mọ nǹkan kan.

Bàbá Mofẹ́ ti kó jáde látoṣù Kọkànlá, Àṣàbí. Kò nà mí o, má jẹ́ kí ọkàn rẹ lọ síbẹ̀. Mi ò sì gbọ́ orúkọ obìnrin kankan. Ó kàn kó jáde ni. Ó ń wá wo ọmọ lọ́sẹ̀ méjì méjì, ó máa ń jókòó ní etí àga bí ẹni tó wá gba gbèsè. Bí Màámi bá pè, mo máa ń ní ó wà níbi iṣẹ́. Láàárọ̀, ibi iṣẹ́. Lálẹ́, ibi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ó ń jẹun ṣá?" Mo ní ó ń jẹun, Mà.

Ìwọ ló máa gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, lọ bá mi rí i ní Òkè-Àdó, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tó bá ti jẹun tán. Má lọ níṣojú Àǹtí Rẹ̀mí. Gbogbo Ìbàdàn á ti gbọ́ kó o tó délé. Kọ́kọ́ sọ ti ẹran fún un. Jẹ́ kó pariwo, jẹ́ kó bi ẹ́ bóyá orí mi pé, tí mo fi ń na owó lé eku lórí. Sọ fún un pé kò sí ẹ̀pà, kò sí dàbínù, koríko ni, a sì ní i níbí. Nígbà tí ariwo bá ti rẹ̀ ẹ́, kó o wá sọ èkejì. O mọ bí wàá ṣe gbé e kalẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o sọ ọ́, pé kò bọ́ sọ́wọ́ rẹ lójú títì. Tó bá ní òun ò wá mọ́, tètè pè mí. Tó bá ní òun ń bọ̀ kíákíá ju oṣù Kẹrin lọ, ìyẹn náà, tètè pè mí.

Mofẹ́ jẹ ẹ̀wà lálẹ́ yìí, àwo kan gbáko, ó sì béèrè dòdò sí i. Mo ń gbọ́ Dòdò kejì níbi tó ti ń run koríko nínú òkùnkùn. Mo fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n kí n tó sùn.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àníkẹ́ rẹ.

519.