Ẹ Túmọ̀ Ìlà Inú Káàdì Ọmọ fún Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi bí obìnrin níbí ní Ẹ̀pẹ́. Kílò 2.3 ni wọ́n bá lórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tuntun kò bá tó 2.5, wọ́n á ní ó kéré. Kí n má purọ́, ojú tì mí. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ mi lọ́jà Olúwo wá kí wa, aṣọ mẹ́ta ni mo fi wé e kí wọ́n má baà rí bí apá rẹ̀ ṣe tínrín tó. Wọ́n lọ tán, mo dìde sí i. Kó tó pé oṣù méjì, mo ti ń ro ògì mọ́ mílíìkì àti ṣúgà sínú fíìdà fún un, bí ìyá rẹ̀ bá ti sùn. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó ti di kílò 9.4. Ẹni tó bá gbé e á ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìtọ́jú!" Orí mi á wú.

Gbogbo ìgbà tí a bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á fi bírò sàmì, wọ́n á dá káàdì padà, ó parí. Àfi lóṣù kẹsàn-án tí nọ́ọ̀sì àgbà kan tẹ́ káàdì náà síwájú mi: "Màmá, ẹ wo bí àmì yìí ṣe ń sáré gòkè bí ẹni ń gun ọ̀pẹ."

Ó ní ọdún 2006 ni àjọ ìlera àgbáyé gbé àwọn ìlà inú káàdì náà, tó ń fi bó ṣe yẹ kí ọmọ máa dàgbà hàn, jáde, pé ara ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú ní orílẹ̀-èdè 6 ni wọ́n ti wò ó. (Gánà wà níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ òyìnbó nìkan.) Ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré ní láti lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àmọ́ bó bá ń fo ìlà kan bọ́ sí òmíràn wàràwàrà, tí gíga rẹ̀ kò sì bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, ọ̀rá ló ń kó jọ. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n irú wọn ló sábà ń sanra jù bí wọ́n bá dé iléèwé, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè tọ ẹ̀yìn ìyẹn wá. Ọmú nìkan ló yẹ kó mu títí di oṣù mẹ́fà. Ṣúgà kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé èrò ń pọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ẹni tó ráyè sàmì lè ráyè sọ ohun tí àmì wí. Kí wọ́n sì pe àwa ìyá àgbà mọ́ ọn. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń kọ́, fíìdà wà lọ́wọ́ wa.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún báyìí. Ẹ̀wà àti ẹja tí mo yọ egungun rẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń sáré tẹ̀lé ewúrẹ́ kiri ojúlé. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnìkan lọ́jà bi mí pé kí ló dé tí ọmọ náà fi rù.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́ja,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.