Ẹ bá wa béèrè iye tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé ìròyìn kan jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Àkọlé rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ti dé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kà á tán, mo tún un kà. Owó ni akọ̀ròyìn yín ń wí: ìdá 65 nínú owó iṣẹ́ náà ni wọ́n ti san fún agbaṣẹ́ṣe. Kò síbi tó ti sọ iye kìlómítà tí ọ̀dà ti dé, kò sọ iye gọ́tà tí wọ́n ti kọ́, kò sì sọ bóyá afárá kékeré ibẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí pé quantity surveyor ni mí. Àwa la máa ń wọn iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà kí agbaṣẹ́ṣe tó gbowó. Owó tó jáde yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ti ṣe. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 gan-an fàyè gbà á kí wọ́n san owó àkọ́san fún agbaṣẹ́ṣe kó lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin náà kọ́kọ́ ní kó má kọjá. Lọ́jọ́ tí owó yẹn bá wọ báǹkì rẹ̀, bí ẹ bá fi ojú owó wo iṣẹ́, ẹ ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti dé ìdá 15, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.

Iye mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀ nípa iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ kan náà la sì gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Ti àkọ́kọ́ ni iye iṣẹ́ tí ètò sọ pé ó yẹ kó ti parí títí di ọjọ́ náà. Èkejì ni owó tó ti jáde. Ẹ̀kẹta, tí mi ò rí rí nínú ìròyìn yín, ni iye tí iṣẹ́ tó dúró nílẹ̀ tó, bí a bá fi iye tí a jọ fọwọ́ sí lọ́jọ́ àdéhùn ṣírò rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní earned value nínú iṣẹ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbọ̀ngàn ìlú wa ṣàlàyé. Àwọn ọmọ ìlú nílé, l'Ékòó àti lókè òkun ló dáwó rẹ̀. Mílíọ̀nù 60 náírà la fọwọ́ sí, oṣù 12 la sì dá fún iṣẹ́ náà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé dìde nípàdé, ó ní a ti ná mílíọ̀nù 33, iṣẹ́ ti kọjá ìdajì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà wa wá nàka sókè, ó ní, "Alága, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Òrùlé ńkọ́?" Alága ní òrùlé ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá náà kò jókòó. Ó ní, "Ṣé nínú ìdajì tó ti lọ ló wà ni, àbí nínú èyí tó kù?"

Mi ò gbọ́ ìbéèrè tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé nípa iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n lọ wò ó. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì kan gbé téèpù, a mú BOQ, ìyẹn ìwé tó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo wa fọwọ́ sí, a lọ sí sáìtì. Ìpìlẹ̀ títí dé jámánì fúlọ̀ ti parí pátápátá, mílíọ̀nù 10 ni iye rẹ̀ nínú ìwé. Mílíọ̀nù 12 ló wà fún búlọ́ọ̀kù àti òpó; ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ti dúró, ó di mílíọ̀nù 9. Ìdajì líńtẹ̀lì àti bíìmù ni wọ́n ti dà, ìyẹn mílíọ̀nù 3 nínú 6. Òrùlé kò tíì sí rárá, kò sì sí pákó tàbí páànù kankan tí a ti rà sílẹ̀ dè é. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 22.

Ètò sọ pé iṣẹ́ mílíọ̀nù 30 ló yẹ kó ti wà nílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ 22, owó tó sì ti jáde jẹ́ 33. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé náírà kọ̀ọ̀kan tí a ná, iṣẹ́ kọ́bọ̀ 67 ló bá wa rà. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 90 ni gbọ̀ngàn náà yóò gbà kó tó parí, yóò sì lé ní oṣù 16. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ti kọjá ìdajì kò tíì pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Irin àti sìmẹ́ńtì gbówó lórí láàárín oṣù mẹ́fà náà, òpó mẹ́rin kan tún wà tí wọ́n wó tí wọ́n sì tún dà nítorí pé wọ́n wọ́. Ìṣirò yìí kì í dárúkọ ọ̀daràn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ̀ nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́. Torí a tètè mọ̀, ìpàdé yẹn fọwọ́ sí i pé kí fẹ́ńsì àti táìlì dúró ná, kí gbogbo owó lọ sórí òrùlé, kí agbaṣẹ́ṣe má sì gba kọ́bọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé a wọn iṣẹ́ rẹ̀. Òrùlé náà ti wà lókè báyìí.

Ibì kan wà tó gba ìṣọ́ra, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín la ojú sí jù. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan wà tó jẹ́ pé láti inú BOQ ni wọ́n ti ń di owó síwájú. Wọ́n á gbé iye gọbọi lé ilẹ̀ gbígbẹ́ àti ìpìlẹ̀, wọ́n á wá fi iye táṣẹ́rẹ́ sórí òrùlé, iná, omi àti ọ̀dà ilé. Àpapọ̀ rẹ̀ á kéré ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n á sì rí iṣẹ́ gbà. Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé dé líńtẹ̀lì, èrè ti wọlé tán, ohun tó kù kò pé wọn mọ́. Ẹ wo iye ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ ní líńtẹ̀lì káàkiri ilẹ̀ wa. Lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, earned value fúnra rẹ̀ á máa dùn-ún gbọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, àfi bí ẹni tó mọ ọjà bá ka iye orí BOQ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ tún ṣọ́ra fún "ó kù díẹ̀." Lọ́dọ̀ tèmi, iṣẹ́ tí kò tíì parí tí kò sì ṣeé wọn, òdo ni mo máa ń kọ sí i.

Ìṣirò earned value yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ńlá láti ọdún 1967. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1991, Dick Cheney tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn fagi lé iṣẹ́ bàálù ogun A-12, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là ti wọ ọ́, láìsí ẹyọ bàálù kan tó tíì fò. Ìwádìí fi hàn pé ìṣirò náà ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé owó yóò lé. Wọ́n mọ̀ ọ́n lábẹ́, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè dá iṣẹ́ dúró.

Nílé níbí, oṣù keje ọdún 2013 ni Ààrẹ Jonathan ṣí àtúnṣe ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 127.6, lówó bílíọ̀nù 167 náírà. Ọdún mẹ́rin la gbọ́. Ọdún mẹ́rin pé, a ṣì wà nínú gosíló. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún là ń kà nínú ìwé ìròyìn, kò sí ẹni tó sọ fún wa bóyá ti owó ni àbí ti ọ̀nà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gé rìbọ́ọ̀nù kọ́ ló yẹ kí ẹ béèrè. Bí iṣẹ́ bá ti parí, iye tí ètò sọ àti iye tó wà nílẹ̀ á dọ́gba, ì báà fi ọdún mẹ́wàá pẹ́. Àárín iṣẹ́ ni kí ẹ ti béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn. Ẹ kọ̀wé béèrè fún BOQ, fún sáàtífíkéètì tí wọ́n fi ń sanwó, àti fún ètò iṣẹ́ oṣù sí oṣù. Ìwé mẹ́ta yẹn ti tó láti rí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí àwọn akọ̀ròyìn yín kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ṣetán láti wá bá wọn jókòó ní ọ́fíìsì yín, a ò ní gba owó kankan.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Quantity surveyor kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn