Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nítorí owó tó fi ránṣẹ́

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.

Rámátù Àdùkẹ́, ọmọ mi,

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí owó rẹ ti wọlé, mi ò tíì ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ìgbà wo la máa pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Mo ní kó ní sùúrù. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mi ò sì lè bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, torí yàrá kan náà la jọ ń sùn, etí rẹ̀ sì mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá jókòó sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú bírò àti ìwé àbúrò rẹ Ráṣídì. Dírẹ́bà tó ń ná Èkó ní Old Garage ni mo máa fi rán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kà á.

Owó oṣù rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ pé ₦140,000 ni. Ò ń san owó ilé ní Ajah, ò ń wọ ọkọ̀ lọ sí sáìtì tí ẹ ti ń kọ́lé lójoojúmọ́, o sì gbọ́dọ̀ jẹun. Báwo lo ṣe wá rí ₦250,000 fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ì bá ṣe pé o ò fi nǹkan kan ránṣẹ́, ǹ bá ní bóyá nǹkan le lọ́hùn-ún ni, ǹ bá ṣàdúrà fún ọ, ǹ bá sì sùn. Èyí tó wọlé yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Láti ìgbà tó sì ti wọlé, tí mo bá pè ọ́, o ò gbé e. Tó o bá pe padà, ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kafíńtà àdúgbò wa tí ẹ jọ wà ní sáìtì kan náà wálé fún ọdún Ọ̀ṣun. Ó yà kí wa, ìyá rẹ sì fún un ní àmàlà. Bó ṣe ń jẹun ló ń yìn ọ́. Ó ní gbogbo àwọn onítípà tó ń já ẹrù sí sáìtì ló fẹ́ràn rẹ, pé ọwọ́ rẹ yá, pé kí mọ́tò tó dúró dáadáa lo ti ń buwọ́ lu ìwé wọn. Inú ìyá rẹ dùn, ó tún bu ẹran kún ọbẹ̀ fún un. Èmi ò lè gbé òkèlè mọ́. Ẹni tó bá ti ṣe sítọ̀ọ̀kípà, tó ń gba ẹrù wọlé ní sáìtì, fún ọdún mọ́kàndínlógún bíi tèmi mọ ohun tí àwọn onítípà fi ń fẹ́ràn èèyàn.

Àdùkẹ́, ṣé o ti ń buwọ́ lu ohun tí ojú rẹ ò rí?

Tó bá jẹ́ pé mo ṣì ọ́ fura, forí jì mí. Mo mọ irú ọmọ tó o jẹ́. Ìwọ lo dá ṣéńjì padà fún ìyá eléwé ọmọ nígbà tó o wà ní kíláàsì kẹrin, náírà márùn-ún péré, tó o tún fẹsẹ̀ rìn padà lọ nínú òjò. Ṣùgbọ́n mo mọ sáìtì náà. Mo mọ̀ pé títọ́jú àwòrán ilé àti ìwé ni wọ́n gbà ọ́ fún, pé ìgbà tí sítọ̀ọ̀kípà yín lọ ni wọ́n fi iṣẹ́ tiẹ̀ kún tìrẹ láìfi náírà kan kún owó oṣù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Wọ́n á da iṣẹ́ méjì lé ọ lórí, á rẹ̀ ọ́, ẹnì kan á wá fún ọ ní àpòòwé.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ mẹ́ta, abo ni méjì. Òrùlé yàrá ìyá àgbà ń jò. Ráṣídì ti wọlé sí Pọ́lì Ẹdẹ, iṣẹ́ civil ló ń kọ́ bíi tìẹ, ó sì ti gba T-square rẹ, ó ní o ò lò ó mọ́.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Típà tó bá gbé yanrìn wọlé, ẹsẹ̀ rẹ ni kó kọ́kọ́ débẹ̀, kì í ṣe bírò rẹ. Gun táyà rẹ̀, kó o yọjú wo inú ẹ̀. Yanrìn tó ga gègèrè láàárín lè jẹ́ kòtò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi téèpù wọn gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti bó ṣe ga tó, kọ ọ́ sílẹ̀, kọ nọ́ńbà mọ́tò àti aago tó wọlé. Kí wọ́n tó dà á ni o, torí tí wọ́n bá ti dà á mọ́ ti àná, kò sẹ́ni tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Sìmẹ́ǹtì, kà á bí wọ́n ṣe ń rù ú sọ̀ kalẹ̀, kó o to ó ní àpò mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o máa fọwọ́ tẹ igun àpò wò. Èyí tó bá ti dì, yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o kọ ọ́ pé o dá a padà. Orí pákó ni kó o tò ó sí, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó sì kọ́kọ́ jáde. Irin náà, yá calliper tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó lọ́wọ́ ẹnjiníà. Irin tí wọ́n pè ní 16mm, tí calliper bá ní 14, 14 ni kó o kọ. Onítípà á pariwo, á ní ọ̀nà òun jìn, á ní ọmọbìnrin yìí ti le jù. Jẹ́ kó pariwo. Ariwo rẹ̀ ò ní wó ilé.

Iṣẹ́ àwòrán tó jẹ́ tìrẹ gan-an, má jẹ́ kí wọ́n pè é ní iṣẹ́ akọ̀wé lásán lójú rẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yí àwòrán òpó ilé padà, tí tuntun wà ní ọ́fíìsì, tí èyí tó ti kú ṣì wà lára pákó lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ irin. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tẹ irin tí kò wúlò. Ẹni tó ń tọ́jú àwòrán ló yẹ kó ti lọ já ti àtijọ́ kúrò lára pákó, kó lu òǹtẹ̀ lé e, kó sì gba ìbuwọ́lù ẹni tó gba tuntun. Ẹnjiníà lè mọ ìṣirò dé ojú ọ̀run, bí àwòrán tó wà lọ́wọ́ bíríkìlà bá ti kú, ilé náà ti ṣìnà. Kíúbù kankéré tí wọ́n fi ń dán agbára kankéré wò náà ńkọ́? Ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń fọ́ ọ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o kọ èsì ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, gbé bírò sílẹ̀, kó o lọ mu omi.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ. O sọ fún mi nígbà Iléyá pé ọmọ tí ẹ jọ wọlé ti bọ́ sídìí ètò iṣẹ́, ó ń lo Primavera, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, torí pé HND wà lọ́wọ́ tiẹ̀, ND ló wà lọ́wọ́ tìrẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi ni mo dá ọ dúró. O fẹ́ padà sí Ẹdẹ lọ ṣe HND, mo ní kó o ṣiṣẹ́ ná, owó ilé ìwé Ráṣídì ń bọ̀. O ò jiyàn. Ì bá dára kó o bá mi jiyàn lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà. COREN, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1970 láti máa bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà, kì í ṣe ẹnjiníà nìkan ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àyè fún technologist tó ní HND, fún technician tó ní ND, títí kan oníṣẹ́ ọwọ́. ND tó ò ń fojú kéré yẹn ní àyè tiẹ̀, lọ forúkọ sílẹ̀. Ráṣídì tún bá mi wo CAPM, ìwé ẹ̀rí fún ètò iṣẹ́, lórí fóònù: ìwé ẹ̀rí girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 lórí ètò iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè kéèyàn tó jókòó ìdánwò. Fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ́ Primavera díẹ̀díẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Tó bá sì jẹ́ HND lo fẹ́, mo ní ìdajì pọ́ọ̀tì ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun, mà á tà á. Mo ti pinnu. Kó o má sọ pé rárá.

Ibo lo ti rí owó yìí?

Ṣé o rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní November 1, 2021? A jọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó kú lé ní ogójì. O bi mí pé kí ló dé tí mo dìde jáde, mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó wó ilé náà o, iṣẹ́ àwọn tó wádìí nìyẹn. Èmi kàn ń ronú pé gbogbo ìwé ilé náà ni wọ́n máa kó jáde, pé ẹnì kan wà níbì kan lálẹ́ ọjọ́ náà tó ń rántí gbogbo ibi tó buwọ́ lù.

Èmi náà ti buwọ́ lù rí, Àdùkẹ́. Ìyá rẹ ò mọ̀. Ọdún 1998 ni, oyún rẹ ti wọ oṣù kẹjọ, mi ò ní owó ìkómọ. Igba àpò sìmẹ́ǹtì ló wà nínú ìwé, ọgọ́jọ ló wọlé. Mo kọ igba. ₦4,000 ni wọ́n fún mi. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ò tó, fómẹ́ẹ̀nì ní kí wọ́n máa fà á, wọ́n wá ń da yanrìn kún un. Ọjọ́ tí wọ́n yọ pákó lábẹ́ bákónì, ó já wálẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà kan wà lábẹ́ ẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Kò kú. Itan rẹ̀ ló fọ́.

Wọ́n pe bíríkìlà. Ó ń búra pé sìmẹ́ǹtì ò tó. Wọ́n gbé ìwé mi jáde, igba àpò, ìbuwọ́lù mi rèé gbagada. Wọ́n wo ojú mi. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, igba ló wọlé.” Wọ́n lé bíríkìlà náà lọ láìsan owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la sọ ìwọ Àdùkẹ́ lórúkọ, àgbò tí gbogbo ẹbí ń yìn mí fún lọ́jọ́ náà, inú owó yẹn ló ti wá.

Ọmọ tí itan rẹ̀ fọ́ náà ti dàgbà, ó ń ṣe bàtà níwájú Ọjà Ọba. Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kì í gba iwájú ọjà, tó jẹ́ ẹ̀yìn ni mo máa ń mú ọ gbà nínú ẹrẹ̀. Mo máa ń ní mọ́tò pọ̀ jù níwájú. Mi ò gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà náà, ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Tó bá jẹ́ àjọ lo kó, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, iye èèyàn tí ẹ jẹ́ àti iye tí ẹ ń dá, lọ́jọ́ náà ni mà á pe àwọn oníkànga, mà á sì bẹ̀ ọ́ pé kó o má bínú. Tí kì í bá ṣe àjọ, má sá, má sì parọ́ fún mi. Gbà ìwé kan, kọ gbogbo mọ́tò tó o rántí sínú ẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé, kó o gbé e tọ ẹnjiníà àgbà lọ kí wọ́n tó da kankéré àjà tó kàn. Wọ́n lè lé ọ. Ilé wà. Owó náà wà ní báńkì bó ṣe wọlé, ìwọ lo máa mú un padà.

Lẹ́yìn náà, máa bọ̀ wálé ní Jímọ̀. Mà á dúró dè ọ́ ní Old Garage láti aago mẹ́rin. A ò ní wọ ọ̀kadà. A máa fẹsẹ̀ rìn, iwájú Ọjà Ọba la sì máa gbà, nítorí mo fẹ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ dá lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.