Ẹ ka ohun tá a ní mọ́ ohun tá ò ní

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, mi ò jìnnà sí Boundary, ibẹ̀ ni mo ti ń ta prófíṣọ̀n, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látọjọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e jáde.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan wá sí àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn ń wádìí bí ìlera wa ṣe rí kí wọ́n lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wa. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ nu bẹ́ńṣì fún wọn. Àmọ́ aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n dé, ta ló máa wà nílé láago mọ́kànlá? Ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi, yàrá mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ìgbò, Úróbò, Haúsá, Ègùn, àwa Yorùbá náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́, onílé nìkan ló kù. Òun ni wọ́n bi, òun ló sì dáhùn fún gbogbo wọn. Wọ́n ní ṣé ilé ìyàgbẹ́ wà, ó ní ó wà. Irọ́ kọ́ o, tiẹ̀ wà lókè tó ń dá lò, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni yàrá mẹ́rìnlá ń pín nísàlẹ̀, tójò bá sì ti rọ̀ tí kánàálì kún, omi á máa ti inú ẹ̀ padà wá sí kọ́ridọ̀. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní àìsàn wo ló ń dà wá láàmú, mo ní ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Kí lẹ ò ní, kí lẹ ò ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi mí títí wọ́n fi dìde. Kò sẹ́ni tó ní, tẹ́nì kan bá ṣubú lóru, ta lẹ máa ń sáré lọ bá? Ìyẹn gan-an ni mò ń dúró dè.

Ní June 2024 tí onígbáméjì jà l'Ékòó, ọmọ Haúsá mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò wa ló ta mí lólobó. Ó wá ra búrẹ́dì, ó ní, "Màámi, ilé onígéètì pupa yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ni wọ́n ń rà lójúmọ́, látàná wọ́n ti ń ra mẹ́fà mẹ́fà." Mo lọ kan ilẹ̀kùn, mo bá ìyá àtọmọ méjì nílẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ojú ọmọ kékeré ti jìn wọnú. Oníkẹ́mísì ẹ̀gbẹ́ mi po ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, fún wọn, ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ kan gbé wọn lọ ọsibítù, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n yè é. Ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tórúkọ ẹ̀ ò sí níwèé ẹnikẹ́ni, òun ló mọ ilé tí àìsàn wọ̀ ṣáájú nọ́ọ̀sì!

Ìyá Ìlàjẹ kan sì wà lọ́nà kánàálì tó ń gbẹ̀bí, àwọn aboyún fẹ́ràn ẹ̀ torí ó gbọ́ èdè wọn. Mi ò ní kí wọ́n má lọ ọsibítù o, àmọ́ ìjọba Èkó fúnra ẹ̀ ń forúkọ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí ló dé táwọn tó ń wádìí á fi gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá?

Iye wa gan-an, ta ló mọ̀ ọ́n? Ìkànìyàn 2006 ló kẹ́yìn, ìjọba àpapọ̀ ní àwa ará Èkó tó mílíọ̀nù 9, ìjọba Èkó ní a lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹni tó fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, èwo ló fẹ́ fi ṣírò? Àwọn obìnrin tó ń kán oògùn pólíò sọ́mọ lẹ́nu, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri, wọ́n mọ̀ wá ju àwọn tó ń wádìí yẹn lọ, torí wọ́n ń wọ yàrá dé yàrá, tọ́mọ ò bá sí nílé wọ́n á padà wá.

Ọ̀rọ̀ tuntun kọ́ ni mò ń sọ. Ìkéde Alma-Ata ti 1978, táwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe lórí ìlera, ti ní ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti lọ́wọ́ nínú ètò ìlera ara wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sì gbé irú ìlera bẹ́ẹ̀ wá sí ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tó fi jẹ́ mínísítà, 1985 sí 1992.

Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń wádìí yìí, kí wọ́n wá nírọ̀lẹ́ tàbí Sunday lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n mú ẹni tó gbọ́ Ìjọ́ àti Haúsá dání, kódà pijin á ṣiṣẹ́. Kí wọ́n lọ sí pápá Maracana táwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀yà ló ń pàdé níbẹ̀. Kí wọ́n bi ayálégbé, kì í ṣe onílé àti alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, nìkan, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí, torí ìgbà kẹta rèé tí wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè tá ò gbọ́ àbọ̀.

Bẹ́ńṣì yẹn ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Tó bá ti di aago méje alẹ́, yàrá mẹ́rìnlá yẹn ti kún, mẹ́rúwà náà á ti gbé ọmọlanke ẹ̀ sílẹ̀, mo máa pè é wá jókòó tì wọ́n.

Oníṣọ́ọ̀bù kan,
Ajégúnlẹ̀, Èkó