Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì yọ fọ́tò ìyá ńlá kúrò lára ògiri

Bódìjà, Ìbàdàn
Alẹ́ Sátidé

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn èjìrẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́. Iná ti padà sí àdúgbò, àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ti wó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tí o kọ nípa ìyá ńlá ọkọ rẹ ló gba oorun lójú mi. Pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ rí ìwé ìkànìyàn ọdún 1891, ó rí bàbá àtàwọn ọmọ mẹ́ta nínú ilé wọn ní Bradford ní Ìlú Ọba, kò rí ìyá, ló bá sọ lójú gbogbo ẹbí pé obìnrin náà sá fi ọmọ sílẹ̀ ni. Ẹlòmíràn tún ní orí ló dàrú. Wọ́n wá fẹ́ yọ fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, torí òkú kò lè dìde wá wí tẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yẹn sílẹ̀ ná.

Ìkànìyàn Ìlú Ọba láyé ìgbà náà kì í béèrè ta ló ń gbé ilé yìí. Ta ló sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ tí ìjọba dá ló ń béèrè. Ti 1891, òru Sunday, 5 April ni. Òru kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́wàá! Ti 1881 jẹ́ 3 April, ti 1901 jẹ́ 31 March, ti 1911 jẹ́ 2 April. Ẹni tó bá sùn sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà, ọsibítù ni orúkọ rẹ̀ máa jáde sí. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí ní ẹ̀wọ̀n, bákan náà. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ gbé dání kò sọ ju pé ìyá ńlá kò sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ kan.

Wàyí o, nínú lẹ́tà ìwọ fúnra rẹ, o kọ nǹkan méjì tí o kò kà sí. O ní ní 1901 ìyá wà nílé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan sì ti kún àwọn ti àtẹ̀yìnwá. Ṣé ẹni tó sá lọ ló tún padà wá bímọ fún ọkọ? Ìkejì, o ní ìyá àgbà wọn máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ìyá ńlá “lọ gba afẹ́fẹ́ ní Ilkley” nígbà kan. O kàn sọ èyí kọjá ni. Èmi dúró síbẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilkley, ìlú olókè àti pápá gbalasa nítòsí Bradford ni, omi tútù tó ń sun lára òkè ló sọ ọ́ di ìlú ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìsinmi sí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde lórí àìsàn, ohun tí wọ́n ń pè ní Convalescent Home. Charles Semon, oníṣòwò irun àgùntàn tó ṣe Mayor Bradford ní 1864, ló dá ọ̀kan sílẹ̀, Semon Convalescent Home. Kí ìkànìyàn 1881 tó dé, ilé náà ti wà. Òmíràn tún wà nínú ìlú kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n ń pè ní Ilkley Bath Charity, tó wá di Ilkley Hospital and Convalescent Home. Nítorí náà, ilé méjì lo máa yẹ̀ wò, má dúró lórí ọ̀kan. Obìnrin tó ń hun aṣọ nínú fakitọ́rì irun àgùntàn Bradford, tí eruku ti kún àyà rẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀.

Kọ́kọ́ padà sí ojú ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ rí, kí o wo ìlà bàbá. Òpó kan wà níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Tó bá jẹ́ M tàbí Mar ni wọ́n kọ, ó láya, aya náà sì wà láàyè. W tàbí Widower ni opó ọkùnrin. Tún wò ó bóyá obìnrin àgbà kan wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ìyàwó, tí wọ́n kọ Visitor tàbí Sister-in-law sí níwájú. Wọ́n sábà máa ń ránṣẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá bá ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà, wá ìyá fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á tẹ Bradford sí ibi tí wọ́n ń wá a, torí pé ará Bradford ni. Ṣùgbọ́n àgbègbè ìforúkọsílẹ̀ mìíràn ni Ilkley wà, kò sí lábẹ́ Bradford rárá. Títí ayé, wọn kò ní rí i níbẹ̀. Fi Yorkshire nìkan sí ibi tó ń gbé, kí o fi Bradford sí ibi tí wọ́n ti bí i. Orúkọ àkọ́kọ́, ọdún tí wọ́n bí i pẹ̀lú àlàfo ọdún márùn-ún síwá sẹ́yìn. Fi orúkọ ìdílé sílẹ̀ ní òfìfo lákọ̀ọ́kọ́, torí ẹnu ìwé ilé ìsinmi ni akọ̀wé ti ń da orúkọ kọ, kì í ṣe ẹnu aláìsàn, àṣìṣe ibẹ̀ sì pọ̀. Tí èsì bá pọ̀ jù, fi Patient sí ibi ìbátan. Tí kò bá jáde, gbìyànjú Inmate, Convalescent, Boarder, títí dé Visitor. Bí ó ti wu olórí ilé kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ọ́.

Má tíì sanwó fún Ancestry tàbí Findmypast, àwọn ìkànnì ayélujára tí wọ́n ti ń wá ìwé ìdílé. Ọ̀pọ̀ láíbìrì ìjọba ní Ìlú Ọba ń jẹ́ kí èèyàn lo ọ̀kan nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá jókòó síbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ láíbìrì tó sún mọ́ yín. Ìkànnì FamilySearch náà ní àtòkọ orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí wíwá orúkọ bá já sí pàbó, ṣí ìwé Ilkley fúnra rẹ̀ kí o máa kà á láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Àmì ìwé 1891 ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ìlú Ọba, ni RG 12; ti 1881 ni RG 11, ti 1901 ni RG 13, ti 1911 ni RG 14. Lẹ́yìn RG 12 ni nọ́ńbà ìdì ìwé, lẹ́yìn náà fólíò, lẹ́yìn náà ojú ìwé. Nọ́ńbà fólíò ni èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù sí igun òkè lápá ọ̀tún. Ewé kan, òǹtẹ̀ kan, nítorí náà ojú ìwé méjì ló ń pín fólíò kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé akànìyàn kọ̀ọ̀kan máa ń sọ àwọn òpópónà tí ó rìn. Kà á dáadáa. Ilé ńlá bí ọsibítù àti ilé ìsinmi sì máa ń wà ní ìparí nígbà mìíràn, lẹ́yìn gbogbo ilé àdúgbò, níbi tí àwọn èèyàn ti rò pé ìwé ti tán.

O máa mọ ojú ìwé náà tí o bá dé ibẹ̀. Matron, obìnrin tó ń darí ilé náà, ló máa ń ṣáájú, tẹ̀ lé e ni àwọn nọ́ọ̀sì, alásè àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, kí àwọn aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ lé orúkọ, Patient, Patient, Patient títí dé ìsàlẹ̀. Má fo àwọn òṣìṣẹ́ o. Ẹni tí èèyàn ń wá lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀. Àwọn akọ̀wé tó ṣírò ìwé wọ̀nyí lẹ́yìn náà tún fi pẹ́ńsùlù fa ìlà dúdú gba orí ọjọ́ orí àti iṣẹ́ kọjá. Ìlà yẹn ló ń sọ 3 di 8 lójú ẹni tó dà á kọ sí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, má gba èyí tí wọ́n tẹ̀ gbọ́, àwòrán ojú ìwé gan-an ni kí o wò, kí o fẹ̀ ẹ́ lójú.

Tí o bá rí orúkọ tó jọ tirẹ̀, má yọ̀ jù. Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ ní Bradford nígbà yẹn. Ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n bí i, iṣẹ́, àti M ìgbéyàwó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Lẹ́yìn ìyẹn, wá gbogbo àwọn obìnrin yòókù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1891, kí o rí ọkọ tí kálukú wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tí kò ní ilé mìíràn ni tiyín. Iṣẹ́ yìí ń tánni ní sùúrù, àmọ́ òun ló máa ń pa ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ orí dídàrú, mi ò ní tàn ọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú wà ní Menston láti 1888, ó sì wà láàárín Bradford àti Ilkley gan-an. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló wà, ó lè jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Òpó tó kẹ́yìn nínú ìwé 1891 wà fún adití, afọ́jú àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé; wo bí ó bá ṣófo. Tó bá sì jẹ́ Menston náà ni, kí ni ìyẹn wá jẹ́? Aláìsàn ni. A kì í yọ fọ́tò aláìsàn.

Ó tún lè jẹ́ pé o kò ní rí i rárá. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lò nínú irú ilé wọ̀nyẹn, ìkànìyàn sì jẹ́ òru kan. Tó bá ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù, tó dúró sọ́dọ̀ àbúrò lọ́nà, ilé àbúrò ni kí o wò. Ìwé ìgbàwọlé ilé ìsinmi ló lè sọ ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ; ìkànìyàn kò lè sọ ìyẹn, kò sì ní dárúkọ àìsàn. Lo àtòkọ Discovery tí National Archives ní láti mọ̀ bóyá irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù, kí o sì kọ̀wé sí West Yorkshire Archive Service, ilé ìpamọ́ ìwé agbègbè náà. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Bradford níbẹ̀. Ìwé aláìsàn sábà máa ń wà ní títì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ti 1891 ti kọjá ìyẹn. Béèrè ìròyìn ọdọọdún ilé náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń dá owó fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti fi lẹ́tà rán aláìsàn wọlé, àwọn olówó fakitọ́rì sì máa ń wà lára wọn. Tí o bá rí orúkọ fakitọ́rì tó ṣiṣẹ́ fún nínú àwọn tó dá owó, o ti mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí kì í gba ẹni tí àrùn rẹ̀ lè ran ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá gbà, wọ́n gbà pé yóò dìde ni.

Tí àwọn èjìrẹ́ rẹ bá wá fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ iwájú: ìwé ìkànìyàn 1931 ti jóná ní 1942, ti 1941 kò wáyé, nítorí náà lẹ́yìn 1921, ìforúkọsílẹ̀ 29 September 1939 ni kí wọ́n fò lọ.

Ó dáa. Ìyá rẹ.

Ó bi mí lọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ Tuesday pé ṣé ara rẹ le, torí ohùn rẹ yí padà lórí fóònù. Mo ní òtútù ni. Ó tún bi mí lọ́jọ́ Thursday, mo tún ní òtútù ni. Ìyá Ìbejì, n kò lè pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kẹta. O ṣe iṣẹ́ abẹ, o padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, o ní kí n má sọ. Mo pa á mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí o mọ̀ ládùúgbò ti ń sọ kiri pé ilé rẹ ni kò tòrò, pé ìdí nìyẹn tí o kò fi wálé ní Kérésìmesì. O mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ọ, kò dá a lóhùn, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, pè é fúnra rẹ lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, sọ ohun tí wọ́n yọ, sọ pé dókítà ní ó ti tán. Ó lágbára ju bí o ṣe rò lọ. Kí o sì béèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ń gbéra ní ibùdókọ̀ Forster Square ní Bradford dé Ilkley láìyí ọkọ̀ padà. Gbé àwọn èjìrẹ́ dání, kí ẹ jókòó níbi tí atẹ́gùn wà, kí o máà gbé ohunkóhun tó wúwo.

Tí o bá rí ojú ìwé náà, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí àmì RG àti fólíò hàn lókè. Màá bá ọ kà á lóru ọjọ́ kan náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré