Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ Lórí Ilé Olódi Beaumaris Tí Ó Ń Fi Bíríkì Ìṣeré Kọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé otútù Liverpool kò mú ọ tó ti èṣí. Àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ Àìkú ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti fi wọ́n han ìyá rẹ, ẹni tí ó wò wọ́n títí, tí ó wá bi mí bóyá owó tí o ti ná lórí bíríkì ìṣeré wọ̀nyí kò tíì tó owó ilẹ̀ kan. Mo dá a lóhùn pé ọmọ tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó fi alẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé olódi, kò sọ owó rẹ̀ nù. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já sí irọ́ lẹ́nu mi, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí dípò kí n fi ohùn ránṣẹ́.

Ohun méjì ni o gbé wá síwájú mi. Èkíní ni odi tí ó wó nígbà tí o ń kó lọ sí yàrá tuntun. Èkejì ni pé o ti kà pé wọn kò parí ilé olódi Beaumaris ní ilẹ̀ Wales láéláé, o sì fẹ́ gbé àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ dé gíga tí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ ní lọ́kàn, kí ó lè pé lórí tábìlì rẹ bí kò tilẹ̀ pé lórí ilẹ̀. O ní kí n sọ bí mo ṣe rí i, èmi tí mo ti fi iṣẹ́ bíríkìlà jẹun fún ọdún méjìdínlógójì. Èsì mi sí èkejì ni pé má ṣe é. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti odi, nítorí ẹni tí odi rẹ̀ ń wó kò tíì dé ibi tí à ń jiyàn lórí ilé ìṣọ́.

Nínú àwòrán kẹta, mo rí i pé o to àwọn bíríkì náà lé ara wọn débi pé ojú ìpàdé wọn gùn gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ mi láyé ìgbà náà, yóò tú u kí ó tó jẹun ọ̀sán. Bíríkì gbọ́dọ̀ gun ẹ̀yìn méjì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ojú ìpàdé ìlà kan lè bọ́ sí àárín bíríkì ìlà tí ó tẹ̀lé e. Ní igun odi, bí ìlà àkọ́kọ́ bá na orí rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, kí èkejì na orí sí àríwá, kí wọ́n lè máa di ara wọn mú. Ohun tí ó tàn ọ́ jẹ ni kókó orí àwọn bíríkì LEGO yìí. Ó ń di ara rẹ̀ mú ṣinṣin débi pé ẹni tí ó ń tò ó yóò rò pé kò sí ohun tí ó kan ìtò mọ́. Ó kàn án. Láti ọdún 1958 tí wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí bíríkì náà ní Dẹ́nmárkì ni kókó yẹn ti ń di ìsàlẹ̀ mọ́ òkè, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan di ọ̀tún mọ́ òsì. Ìtò nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn.

Ohun kejì tí ó wó odi rẹ ni pé ó tinrin jù. Jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ènìyàn kékeré tí ó máa ń wà nínú páálí wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 4; bí ó bá dúró fún ọkùnrin tí ó ga ní mítà 1.7, a jẹ́ pé mítà kan ní Beaumaris yóò di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.4 lórí tábìlì. Odi inú níbẹ̀ ga tó mítà 11, ó sì nípọn tó mítà 4.7. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ga ní mílímítà 9.6, àyè kókó kan sì jẹ́ mílímítà 8, nítorí náà odi rẹ gbọ́dọ̀ ga tó bíríkì 27, kí ó sì nípọn ní kókó 14. Tìrẹ ga ní 27 lóòótọ́, àmọ́ kókó 2 péré ni ó nípọn. Pátákó ni o gbé dúró, Àdùkẹ́, kì í ṣe odi.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé owó bíríkì odi tí ó nípọn ní kókó 14 yóò pa ọ́. Kò ní pa ọ́, bí o bá ṣe é bí àwọn agbẹ́kúta ayé ọjọ́un ti ṣe é. Wọn kò fi òkúta gbígbẹ́ kún inú odi láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ojú méjì ni wọ́n fi òkúta dáradára mọ, wọ́n sì fi àfọ́kù òkúta àti ẹfun àpòpọ̀ dí àárín. Ìwọ náà, mọ ojú ìta ní kókó 2 àti ojú inú ní kókó 2, jẹ́ kí àárín ṣófo, kí o sì máa fi bíríkì gígùn dábùú láti ojú kan sí èkejì lẹ́yìn ìlà mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn bíríkì àárín yìí, ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn, nítorí náà má fi aláwọ̀ eérú ṣe é; pupa, àwọ̀ ewé, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ lọ́jà àlòkù ni kí o lò. Bí àyè yàrá rẹ kò bá gba ìwọ̀n yìí, nítorí àgbàlá inú nìkan yóò ju mítà kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì: bíríkì 14 ní gíga, kókó 7 ní nínípọn. Ènìyàn kékeré yóò tóbi jù fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n odi yóò ṣì jẹ́ odi. Kí o sì kọ́ ọ ní apá apá lórí pákó tí ó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, nítorí ayálégbé kò mọ ọjọ́ tí yóò tún kó ẹrù.

Ní ti àwọ̀ eérú, ìwọ ni o kọ́ mi pé ilé iṣẹ́ náà pa àwọ̀ eérú rẹ̀ dà ní nǹkan bí ọdún 2004, tí ti àtijọ́ fi pọ́n díẹ̀ tí ti ìsinsìnyí sì fà sí búlúù. O ní ó ń bí ọ nínú pé àwọn àlòkù tí o rà dà méjèèjì pọ̀. Èmi kò rí ohun ìbínú níbẹ̀. Òkúta inú odi gidi kì í dọ́gba lójú. Da méjèèjì pọ̀ jákèjádò odi, kí ó má ṣe jẹ́ pé apá kan dúdú tí apá kejì mọ́ bí aṣọ tí a fi ìrépé lẹ̀. Ṣebí àwọ̀ ìyeyè ni ilé olódi tí ilé iṣẹ́ LEGO gbé jáde ní ọdún 1978, àwọn ọmọdé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Nígbà tí a jọ lọ sí Anglesey, erékùṣù tí Beaumaris wà, ìwọ ń ka ihò ọfà, èmi ń wo ẹnubodè, mo sì rò pé ó yẹ kí n ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé olódi, kékeré tàbí ńlá, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí odi. Ibi tí ọ̀tá yóò gbà wọlé àti ibi tí oúnjẹ yóò gbà dé ni yóò kọ́kọ́ wò. Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣẹ́gun àríwá Wales ní 1282 sí 1283, ṣùgbọ́n ní 1294 Madog ap Llywelyn dìde, àwọn ará Wales sì gba Anglesey padà. Ní àkókò ọ̀tẹ̀ yẹn, ohun tí ó gba Harlech, ilé olódi ọba mìíràn ní Wales, là kì í ṣe odi rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe oúnjẹ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti Ireland. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Beaumaris ní 1295, lábẹ́ Ọ̀gá James ti St George, ọ̀gá ọ̀mọlé ọmọ Savoy, etí òkun gan-an ni wọ́n fi í sí, ọkọ̀ sì lè gùnlẹ̀ lẹ́nu ibodè rẹ̀ nígbà tí omi bá kún. Odi nínú odi ni, yàrà tí ó kún fún omi sì yí i ká. Ẹnubodè ìta kò dojú kọ ti inú tààrà; ẹni tí ó bá já èkíní gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí lábẹ́ ọfà àwọn tí ó wà lókè kí ó tó rí èkejì. Nínú àwòrán rẹ, o ti mú ẹnubodè méjèèjì ṣe déédéé kí ó lè lẹ́wà. Ẹwà yẹn ni ọ̀tá yóò gbà wọlé. Tú u, kí o sì yí ti ìta sí ẹ̀gbẹ́.

Má sì ṣe rò pé bíríkì púpọ̀ ni ó ń dáàbò bo ilé. Ilé olódi Conwy, tí ó wà ní Wales bákan náà, ní ilé ìṣọ́ ńláńlá mẹ́jọ, síbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1401, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ jọ́sìn, Rhys àti Gwilym ap Tudur fi ọgbọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbodè díẹ̀ tí ó kù. Káfíńtà ni wọ́n ní ó tan àwọn oníbodè jẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, káfíńtà ni ó máa ń kó bíríkìlà sí wàhálà.

Ó wá kù ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìṣọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1296, Ọ̀gá James àti Walter ti Winchester, akọ̀wé iṣẹ́ náà, kọ̀wé sí àwọn tí ń tọ́jú owó ọba pé àwọn ní agbẹ́kúta àti ọ̀mọlé 400, lébìrà 2,000, àwọn tí ń fọ́ òkúta 200, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ọkọ̀ ojú omi 30 tí ń kó òkúta àti èédú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní owó ọ̀yà, àti pé ó ṣòro láti mú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, nítorí wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi gbẹ́mìí ró. Nígbà tí o ka ibẹ̀ sí mi létí, mo dákẹ́, o sì bi mí ohun tí ó ṣe mí. Kò sí ohun tí ó ṣe mí ju pé mo rántí ọdún tí kọ́ńtírátọ̀ kan jẹ àwa mọ́kànlá ní owó oṣù mẹ́ta lórí ilé alájà mẹ́rin kan, tí a fi kó irinṣẹ́ wa kúrò níbẹ̀. Ilé náà ṣì dúró ní alájà méjì títí di òní olónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ya àwòrán rẹ̀ ní alájà mẹ́rin, tí ó ní bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí, ó ti pa àwa mọ́kànlá rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Beaumaris rí. Ogun Skọ́tlándì gba owó ọba, iṣẹ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró pátápátá ní nǹkan bí 1330, lẹ́yìn tí ó ti gba nǹkan bí 15,000 pọ́n-ùn. Àwọn ilé ìṣọ́ inú kò dé òkè tí a pète fún wọn. Ilé ẹnubodè àríwá yẹ kí ó ní ọ̀wọ́ fèrèsé ńlá méjì, márùn-ún lórí márùn-ún. Ọ̀wọ́ kan ni wọ́n kọ́. Kọ́ ọ̀wọ́ kan yẹn, Àdùkẹ́, kí o sì ṣe é dáadáa, ìlà tí ó kẹ́yìn kí ó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ wọn ti kúrò. Bí o bá fẹ́ fi ènìyàn sí i, dín àwọn tí ó gbé idà kù, kí o fi àwọn tí ó ru òkúta sí i. Àti pé nínú ìwé kékeré tí o máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú iṣẹ́ rẹ, jọ̀ọ́, kọ Llanfaes síbẹ̀: ìlú àwọn ará Wales tí wọ́n ṣí nídìí kúrò nítòsí ibẹ̀ nítorí ilé olódi yìí, tí wọ́n sì kó lọ tẹ̀dó sí Newborough ní apá ibòmíràn erékùṣù náà.

Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé odi wà nílé pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Erédò Súngbọ́ yí ilẹ̀ wa ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ sì tó mítà 20 ní àwọn ibìkan. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ni, bíríkì onígun mẹ́rin kò bá a mu. Ègé onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò gbà, ó sì pọ̀. Parí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ná, ìyẹn ni pé parí rẹ̀ dé ibi tí wọ́n parí rẹ̀ dé.

Àǹtí rẹ ń bọ̀ ní Liverpool ní oṣù Karùn-ún. Mo ti di okùn tí mo fi ń to bíríkì sínú ẹrù rẹ̀, èyí tí ó ní ìṣó méjì lẹ́nu. Nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi gúúsù kí o tó gbé ìlà kẹwàá lé e, kí o sì ya àwòrán rẹ̀ fún mi láti ẹ̀gbẹ́, má ṣe yà á láti iwájú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.